Ọmọ tó fẹ́ wa bàálù ológun: Ẹ má fi owó ọjà wá 'ẹni tó mọ ọ̀gá'

Lójú ọ̀pọ̀ oníṣòwò láti Ọba Àkràn dé Agége, ẹnu ọ̀nà wọn ni iléeṣẹ́ ọmọ ogun òfurufú wà, nítorí pé Ìkẹjà ni olú ọ́fíìsì ẹ̀ka tó ń bójú tó ohun èlò wọn wà. Èyí ló ń ran àwọn gbájúẹ̀ lọ́wọ́. Wọ́n á ní àwọn mọ ọ̀gá kan nínú bárékè, pé kí òbí mú owó wá, ọmọ rẹ̀ á di awakọ̀ bàálù. Kí ẹ tó yọ owó ọjà, ẹ mọ ibi tí mímọ èèyàn ti wúlò.

Ní Amẹ́ríkà, àwọn awakọ̀ bàálù ológun kan wà tí wọ́n ní iṣẹ́ tàbí òwò tiwọn, tí wọ́n kàn ń yọjú sí bárékè lóṣooṣù. Ikọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń yan awakọ̀ tirẹ̀. Ẹni tó ń gbé nítòsí, tó ń lọ kí wọn, tí wọ́n ti mọ ìwà rẹ̀, sábà máa ń rọ́wọ́ mú ju àjèjì lọ. Síbẹ̀, dandan ni kó jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè náà.

Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń gba fọ́ọ̀mù iléeṣẹ́ ọmọ ogun òfurufú, ọ̀fẹ́ sì ni. Abala 217 nínú ìwé òfin 1999 ní kí wọ́n mú ọmọ ogun kárí ilẹ̀ Nàìjíríà. Nítorí náà, ìpínlẹ̀ tí ọmọ ti ṣẹ̀ wá ni wọ́n ń wò, kì í ṣe àdúgbò tí ṣọ́ọ̀bù wà. Ọmọ tí wọ́n bí ní Agége, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ará Ìkìrun, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni yóò kọ. Ẹ tètè gba ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀ nílé.

Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde girama lè fi NDA, Kàdúná, ṣe ilé-ìwé àkọ́kọ́ tó máa mú nínú JAMB. Ẹni tó ti gba dìgírì lè dúró de ìgbà tí wọ́n bá kéde ìgbanisíṣẹ́ fún àwọn tó kàwé gboyè.

Ẹ̀yin tí ẹ ní oníbàárà tó jẹ́ ológun, tàbí tó ń tún bàálù ṣe ní pápákọ̀ òfurufú, ẹ rán ọmọ sí i kó lọ béèrè bí wọ́n ṣe ń yẹ ojú àti ara wò. Ìmọ̀ràn ni kẹ́ ẹ gbà lọ́dọ̀ rẹ̀, kì í ṣe ipò.

Owó gbájúẹ̀ kì í ní rísíìtì. Bí owó ọjà bá bá a lọ, owó ilé-ìwé àwọn àbúrò ló máa kọ́kọ́ dí. Ẹ kúkú fi san owó lẹ́sìnnì ìṣirò àti físíìsì fún ọmọ náà.