PÈRÈGÚN NÍNÚ ILÉ: BÍ A TI Í GBÌN ÍN ÀTI BÍ A TI Í TỌ́JÚ RẸ̀

Ẹ̀yin àgbẹ̀ àti ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, kò sí ẹni tí kò mọ igi pèrègún nínú wa. Òun ni àwọn baba wa fi ń pa ààlà oko, òun náà ni ó sì dúró ní ojúbọ púpọ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé igi yìí kan náà ni àwọn ará Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ń gbìn sínú ìkòkò, tí wọ́n sì ń gbé sí iyàrá àlejò fún ẹwà. Dracaena fragrans ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é. Ilẹ̀ Áfíríkà ni ó ti ṣẹ̀. Ní Sùúrùlérè, Yábà àti Muṣin, níbi tí ilé ti há mọ́ ara wọn tí àyè ọgbà kò sì tó, igi yìí yẹ inú iyàrá, àgbẹ̀ tí ó bá ní i lóko sì lè fi í ṣòwò.

Gígé ọ̀pá. Ẹ yan ọ̀pá tí ó gbó díẹ̀, tí ó nípọn tó àtàǹpàkò. Ẹ gé e ní ìwọ̀n ínǹṣì 6 sí 8, kí ẹ sì sàmì sí orí rẹ̀, kí ẹ má baà rì í ní ìdoríkodò. Ẹ gbé e sí ibòji fún ọjọ́ kan kí ojú ọgbẹ́ rẹ̀ gbẹ. Ìgbà òjò, láti oṣù Kẹrin, ni ó dára jù. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 4 sí 8, yóò ti ta gbòǹgbò.

Ẹ kíyè sí èyí gidigidi: ẹ má ṣe hú pèrègún ààlà. Ẹlẹ́rìí ni igi yẹn láàárín ẹ̀yin àti ẹni tí ẹ jọ pààlà. Ọjọ́ tí ó bá kúrò níbẹ̀ ni ẹjọ́ ilẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ka nìkan ni kí ẹ gé, kí ẹnì kejì yín sì wà níbẹ̀. Èyí tí ó wà ní ojúbọ, ẹ má ṣe fọwọ́ kàn án láìgba àṣẹ àwọn tí ó ni ín.

Ìkòkò àti ilẹ̀. Ìkòkò amọ̀ tàbí bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà tí a ti fọ̀ dára, bí a bá dá ihò mẹ́rin sí ìdí rẹ̀. Ẹ po ilẹ̀ dúdú ìwọ̀n méjì, yanrìn odò ìwọ̀n kan, àti ìgbẹ́ ẹran tí ó ti jẹrà ìwọ̀n kan. Ẹ má ṣe lo yanrìn etí òkun, nítorí iyọ̀ inú rẹ̀.

Omi. Omi àpọ̀jù ń pa pèrègún inú ilé ju ọ̀dá lọ. Àṣejù, baba àṣetẹ́ ni. Ẹ ti ìka bọ ilẹ̀ dé oríkèé kejì; bí ó bá tutù, ẹ má ṣe bu omi sí i. Omi òjò dára ju omi ẹ̀rọ lọ. Ẹ da omi inú àwo ìsàlẹ̀ nù, kí ẹ̀fọn má baà yé ẹyin sí i.

Ìtọ́jú. Ẹ gbé e sí ẹ̀bá fèrèsé, ṣùgbọ́n kí oòrùn ọ̀sán má ta sí i lára tààrà. Nígbà ọyẹ́, ẹ fi aṣọ tútù nu eruku ara ewé. Bí ẹ bá rí kòkòrò funfun bí òwú ní ìdí ewé, ẹ fi omi ọṣẹ nù ún kúrò. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ajá tàbí ológbò jẹ ewé náà. A máa mú wọn bì.

Títà. Ẹ má ṣe ta ọ̀pá lásán. Ìkòkò tí ó ti hu ewé ni oníbàárà ń fẹ́. Ẹgbẹ́ lè pa owó pọ̀ ra ìkòkò, kí wọ́n sì jọ kó ọjà lọ bá àwọn tí ń ta òdòdó lẹ́bàá títì. Òótọ́ ni kí ẹ máa sọ fún oníbàárà. Ní 1989, àwọn onímọ̀ NASA ní Amẹ́ríkà kéde pé irú igi yìí dín àwọn afẹ́fẹ́ olóró kan kù. Inú àpótí tí a dé pa ni wọ́n ti dán an wò. Iyàrá kì í ṣe àpótí, fèrèsé tí a ṣí sì ṣiṣẹ́ jù ú lọ. Ẹwà ni kí ẹ fi ta pèrègún, ẹwà rẹ̀ sì tó tà.