Bí A Ti Ń Fi Mọ́tò Fa Ọkọ̀ Onígbòkun Lórí Ilẹ̀

Omi ni a ṣe ọkọ̀ onígbòkun fún, ṣùgbọ́n ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ní irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni kò gbé etí òkun. Ilé ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí. Nígbà tí ìgbà ooru bá dé, wọn a fi mọ́tò fà á lọ sí èbúté. Tírélà ni a ń pe ohun tí ó gbé e. Kì í ṣe àjàgbé ńlá tí ń kó sìmẹ́ńtì kọjá ní ọ̀nà Ìbàdàn ni a ń wí o, bí kò ṣe férémù irin tí ó ní táyà méjì tàbí mẹ́rin, tí kò sì ní ẹ́ńjìnnì. Iṣẹ́ yìí dàbí eré lójú ẹni tí kò ṣe é rí, ṣùgbọ́n ẹ̀mí ènìyàn wà nínú rẹ̀. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ là á yé ẹ̀yin òǹkàwé wa.

Kí a kọ́kọ́ mọ ìwọ̀n ẹrù. Ọkọ̀ òfìfo ni ìwé máa ń sọ. Ìdákọ̀ró, ẹ̀rọ, ìgbòkun, àti omi òjò tí ó ró sínú ọkọ̀ kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni lítà omi 100 jẹ́ kílò 100. Òfin ilẹ̀ náà ni pé tírélà tí a ṣe láti wọ̀n ju kílò 750 lọ, tòun ti ẹrù, gbọ́dọ̀ ní bíréèkì tirẹ̀. Bíréèkì yìí kò dúró de ẹsẹ̀ awakọ̀: bí mọ́tò bá dẹ̀rìn, tírélà a ti ara rẹ̀ síwájú, títì náà ni yóò sì fà á mú. Okùn irin kan wà pẹ̀lú tí a ó so mọ́ mọ́tò, kí ó lè fa bíréèkì náà bí tírélà bá já.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an ni bí ẹrù ti jókòó. Ẹni tí ó ti ru ẹrù rí mọ̀ pé bí ó bá fì sẹ́yìn, ọrùn kò ní ìsinmi. Bí ẹrù bá pọ̀ jù lẹ́yìn táyà tírélà, imú rẹ̀ a fúyẹ́, a sì gbé ìdí mọ́tò sókè, tó bẹ́ẹ̀ tí táyà ẹ̀yìn mọ́tò kò ní tẹ ilẹ̀ dáadáa mọ́. Nígbà náà, afẹ́fẹ́ díẹ̀, tàbí ọkọ̀ akẹ́rù tí ó sáré kọjá, tó láti mú tírélà bẹ̀rẹ̀ sí í fì síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ejò, títí yóò fi dojú mọ́tò bolẹ̀. Bí imú náà bá sì wúwo jù, táyà iwájú mọ́tò kò ní gbọ́ ìdarí. Ìwọ̀n tí wọ́n fọwọ́ sí níbẹ̀ ni ìdá 5 sí 7 nínú 100: bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ kílò 1,500, kí imú tírélà tẹ mọ́tò ní kílò 75 sí 105, bí mọ́tò náà bá lè gbà á. Nígbà mìíràn ẹ̀rọ tí ó kọ́ ìdí ọkọ̀ nìkan ni ó ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Kí a yọ ọ́, kí a gbé e síwájú.

Bí fífì bá ti bẹ̀rẹ̀, kí awakọ̀ má ṣe tẹ bíréèkì lójijì, kí ó má sì ṣe bá a jìjàdù. Kí ó ká ẹsẹ̀ kúrò lórí ìtẹ̀ eré, kí ó di ọwọ́ ìdarí mú ṣinṣin, títí eré yóò fi rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Máìlì 60 ní wákàtí kan ni òfin gbà ní ọ̀nà ńlá, 50 ní ọ̀nà tí kò pín sí méjì. Ní tiwa, a kò rí ohun tí ẹnikẹ́ni ń sáré sí.

Okùn iwájú tí a fi wọ́ ọkọ̀ gun tírélà kò tó láti dì í mú lójú ọ̀nà. A gbọ́dọ̀ so ìdí rẹ̀ pẹ̀lú. Bí a bá sì dé etí omi, kí a jẹ́ kí ojú ibi tí táyà ti ń yí tutù kí a tó tì í wọ inú omi, nítorí irin gbígbóná tí ó bọ́ sínú omi tútù lójijì a máa fa omi iyọ̀ mu, ìpẹtà a sì dé.

Òpó ìgbòkun ni a ń gbé nàró kẹ́yìn. Kí a tó fọwọ́ kàn án, kí a wo òkè. Irin ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Bí ó bá kan wáyà iná mànàmáná, ẹni tí ó dì í mú lè kú lójú ẹsẹ̀. Bí wáyà bá wà níbẹ̀, kí a fa ọkọ̀ lọ sí ibòmíràn kí a tó gbé òpó náà dìde.