Àìsàn oorun: Kí ni àwọn onímọ̀ Zaria rí nínú ẹ́ńsáìmù kòkòrò tó ń fà á?

Bí eṣinṣin tsetse bá bu ènìyàn jẹ, oró ẹnu rẹ̀ kọ́ ni wàhálà. Ohun tó gbé sẹ́nu ni. Kòkòrò kan tí ojú lásán kò lè rí, tí wọ́n ń pè ní trypanosome, ló máa ń tipa bẹ́ẹ̀ wọ inú ẹ̀jẹ̀. Àìsàn oorun ló ń fà lára ènìyàn. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ bí ibà lásán, pẹ̀lú orí fífọ́ àti ara ríro, títí kòkòrò náà yóò fi dé ọpọlọ. Nígbà náà ni aláìsàn á máa sùn lọ́sàn-án, tí kò ní rí oorun sùn lóru, tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ á sì máa dàrú. Bí kò bá rí ìtọ́jú, ikú ló sábà máa ń já sí.

Ó ń ṣe màlúù náà. Nagana ni wọ́n ń pè é nínú ìwé, àmọ́ sammore ni ọ̀pọ̀ darandaran lókè Ọya mọ̀ ọ́n sí.

Ní Fásitì Ahmadu Bello (ABU) tó wà ní Zaria, ó ti ju ogún ọdún lọ tí àwọn onímọ̀ báyòkẹ́mísírì ti ń wá ibi tí ọwọ́ ti lè tẹ kòkòrò yìí. Inú ẹ́ńsáìmù rẹ̀ ni wọ́n ń wò.

Kí ló dé tí kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára fún un?

Àfòmọ́ ni trypanosome. Ẹni tó bá ní oko kòkó tàbí oko obì mọ ìwà àfòmọ́ dáadáa: ara igi onígi ló ti ń jẹun. Ṣùgbọ́n tinú ẹ̀jẹ̀ yìí tún gbọ́n ju ti orí igi lọ.

Àwọn ọmọ ogun ara wa máa ń fi aṣọ dá ọ̀tá mọ̀ ni. Trypanosome ní aṣọ tó lé ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún tó lè gbé wọ̀. Kí ara tó kó ọmọ ogun jọ fún aṣọ àkọ́kọ́, díẹ̀ lára àwọn kòkòrò náà ti wọ òmíràn, àwọn yẹn ló sì máa bímọ sí i. Ìdí nìyí tí ibà àìsàn yìí fi máa ń lọ, tí á tún padà. Ìdí kan náà ló fà á tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí abẹ́rẹ́ àjẹsára tó ṣiṣẹ́ ṣe.

Àmọ́ kòkòrò tó ń pààrọ̀ aṣọ kò lè pààrọ̀ ohun tó fi ń jẹun. Ẹ́ńsáìmù ni irinṣẹ́ tí gbogbo ohun ẹlẹ́mìí fi ń sọ oúnjẹ di agbára, tí wọ́n fi ń gé nǹkan, tí wọ́n fi ń so nǹkan pọ̀ nínú ara. Bí ẹ bá kó ọ̀bẹ, ọlọ àti ààrò kúrò lọ́wọ́ alásè, aṣọ yòówù kó wọ̀, ebi ló máa pa á.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé àwa náà ní ẹ́ńsáìmù. Oògùn tó bá ba tiwa jẹ́ pẹ̀lú ti kòkòrò, májèlé ni. Kì í ṣe àsọdùn. Melarsoprol, tí wọ́n lò fún ọ̀pọ̀ ọdún fún àwọn tí àìsàn náà ti wọ ọpọlọ wọn, láti ara arsenic ni wọ́n ti ṣe é. Nínú 100 ènìyàn tí wọ́n fún, nǹkan bíi 5 ni oògùn náà fúnra rẹ̀ ń pa.

Andrew Nok àti ọ̀rọ̀ àìtó ẹ̀jẹ̀

Ọ̀jọ̀gbọ́n Andrew Jonathan Nok bẹ̀rẹ̀ láti orí ìbéèrè kan tó jọ pé ó rọrùn: kí ló ń gbẹ ẹ̀jẹ̀ lára màlúù tó ní sammore? Ẹran náà á rù, ojú rẹ̀ á funfun, oyún á bàjẹ́ lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ kòkòrò náà kì í wọ inú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ bí ti ibà ẹ̀fọn.

Ẹ́ńsáìmù kan tí wọ́n ń pè ní sialidase wà lára ohun tó tọ́ka sí. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa kọ̀ọ̀kan ní ohun kan lára, sialic acid, tó dà bí káàdì ìdánimọ̀. Sialidase máa ń gé káàdì náà kúrò. Bí àwọn sẹ́ẹ̀lì agbálẹ̀ inú ara bá wá rí ẹ̀jẹ̀ tí kò ní káàdì, wọ́n á rò pé ó ti gbó, wọ́n á sì gbá a dànù. Ìyẹn ni pé ọwọ́ ara màlúù fúnra rẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń bá lọ. Lójú tèmi, kò sí ohun tó burú nínú ọ̀rọ̀ kòkòrò yìí tó èyí.

Iṣẹ́ tí Nok ṣe lórí jíìnì tó ń mú sialidase jáde ló gba ẹ̀bùn sáyẹ́ǹsì Nàìjíríà tí ilé-iṣẹ́ NLNG ń fúnni, lọ́dún 2009. Ó kú ní oṣù kọkànlá ọdún 2017.

Ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé

Lára àwọn tó bá Nok kọ ìwé ìwádìí lórí sialidase ní 2003 ni Emmanuel Oluwadare Balogun, tóun náà wá di ọ̀jọ̀gbọ́n ní ABU. Ẹ́ńsáìmù mìíràn ni Balogun gbájú mọ́ lẹ́yìn náà, pẹ̀lú Kiyoshi Kita àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan. Orúkọ rẹ̀ ní ìkékúrú ni TAO.

TAO ni trypanosome fi ń mí nígbà tó bá wà nínú ẹ̀jẹ̀. Ènìyàn kò ní in, màlúù kò ní in. Ní 2013, àwọn onímọ̀ náà, tí Balogun wà lára wọn, tẹ àwòrán bí ẹ́ńsáìmù yìí ṣe rí jáde, débi pé ẹni tó ń ṣe oògùn lè rí ihò kọ́kọ́rọ́ tó fẹ́ gbẹ́ kọ́kọ́rọ́ fún. Ohun kan tí wọ́n rí lára olú, ascofuranone, máa ń dí ihò náà pa.

Ṣùgbọ́n trypanosome ní ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé. Bí wọ́n bá dí TAO, ẹ́ńsáìmù kejì tó ń jẹ́ glycerol kinase lè máa fún un ní agbára díẹ̀ tó fi máa tẹ̀ síwájú. Nítorí náà, ẹni tó bá ti ilẹ̀kùn iwájú nìkan kò tíì ṣe tán. Ní 2019, Balogun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kéde pé àwọn ti rí àwọn èròjà kan, láti ìdílé tí wọ́n ń pè ní coumarin, tó ń ti ilẹ̀kùn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Láti yàrá ìwádìí dé ọwọ́ aláìsàn

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti máa ń dùn mí nìyí. Ẹ jẹ́ ká wo eflornithine. Ẹ́ńsáìmù ni òun náà ń dí. Àwa náà ní irú ẹ́ńsáìmù yẹn, àmọ́ ara wa tètè máa ń ṣe tuntun rọ́pò rẹ̀. Ti kòkòrò tó wà ní Ìwọ̀ Oòrùn àti Àárín Gbùngbùn Áfíríkà máa ń pẹ́. Oògùn náà gbé àwọn tó ti sùn lọ dìde, àmọ́ tálákà ni àwọn tó nílò rẹ̀, nítorí náà wọ́n dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró ní àwọn ọdún 1990. Nígbà tó di 2000, ó tún yọjú lórí àtẹ ní Amẹ́ríkà gẹ́gẹ́ bí ìpara tí àwọn obìnrin fi ń dí irun ojú lọ́wọ́. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, lẹ́yìn ariwo àwọn dókítà MSF, ilé-iṣẹ́ Aventis àti àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ṣe àdéhùn láti máa fún àwọn aláìsàn lọ́fẹ̀ẹ́.

Irú àdéhùn bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú àyẹ̀wò láti abúlé dé abúlé, ló mú àìsàn náà wálẹ̀. Ní 1998, àwọn tí wọ́n kọ sílẹ̀ pé ó mú fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 40,000. Láti 2018, wọn kì í tó 1,000 lọ́dún. WHO ti jẹ́rìí sí i pé Togo, Benin, Côte d'Ivoire àti Ghana ti borí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣòro ìlera gbogbo ìlú. Fexinidazole tí wọ́n ń gbé mì fún ọjọ́ 10 ti wà láti 2018. Acoziborole, tóun náà ń dí ẹ́ńsáìmù kòkòrò, jẹ́ oògùn ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Wọ́n dán an wò lára ènìyàn 208 ní Guinea àti Congo, ó sì wo nǹkan bíi 95 sàn nínú 100 àwọn tí àìsàn náà ti dé ọpọlọ wọn.

Màlúù kò rí irú àǹfààní yìí. Ọ̀rọ̀ ẹran ọ̀sìn àti tsetse ti pẹ́ nílẹ̀ wa: àwọn òpìtàn gbà pé ó wà lára ìdí tí àwọn ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ kò fi lè jagun wọ inú igbó kìjikìji, torí ẹṣin tí wọ́n rà láti òkè Ọya kì í pẹ́ kú níbẹ̀. Lónìí, oògùn méjì tí àwọn darandaran gbára lé jù, diminazene àti isometamidium, ti wà láti ohun tó lé ní 60 ọdún, kòkòrò náà sì ti ń gbójú sí wọn ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, tó fi mọ́ Nàìjíríà.

TAO wà lára trypanosome màlúù náà. Àmọ́ ẹni tó ní ẹran 40 kò ní ra oògùn tó bá wọ́n ju ohun tí ẹran ọ̀hún máa mú wọlé lọ. Nítorí náà, ní ọjà ẹran lókè Ọya, diminazene ni wọ́n ṣì ń tà: ìyẹ̀fun aláwọ̀ ìyeyè nínú àpò kékeré, tí wọ́n ń pò mọ́ omi kí wọ́n tó fi abẹ́rẹ́ fà á.