Ẹnu-Ọ̀nà Pọtásíọ̀mù tí Ìnà Awọ Ń Ṣí: Ipa Rẹ̀ lórí Mànàmáná Sẹ́ẹ̀lì

Èrò tí ó gbilẹ̀ ni pé sẹ́ẹ̀lì tí nǹkan bá tẹ̀ tàbí fà kò ní ṣàì ta gìrì. Èrò yìí kò kárí. Nínú awọ sẹ́ẹ̀lì iṣan tí ń gbé ìmọ̀lára ni TREK-1 wà, purotéènì tí ìwádìí ṣàfihàn ní 1996. Bí awọ bá nà, ẹnu-ọ̀nà yìí yóò ṣí. Pọtásíọ̀mù, tí ó pọ̀ nínú ju òde lọ, yóò tú jáde pẹ̀lú mànàmáná alámì ìròpọ̀ tí ó gbé dání. Inú sẹ́ẹ̀lì yóò wá fì láti nǹkan bí -70 mílífóòtì sí ìhà -90, ìtagìrì yóò sì nira fún un. PIEZO ní tirẹ̀ ń gba sódíọ̀mù àti kálísíọ̀mù wọlé, ó sì ń ru sẹ́ẹ̀lì sókè. Ìjà àwọn méjèèjì kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé lásán: ní 2006, èkúté tí kò ní TREK-1 ni a rí pé ìfọwọ́kàn fẹ́rẹ́ ń dùn ju ẹgbẹ́ wọn lọ.