Bí Òbí Bá Fọwọ́ Sí I, Tí Adájọ́ Kò Fọwọ́ Sí I Ńkọ́?

Ká ní ọmọ ọdún 16 kan ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ Sátidé ní ilé búrẹ́dì kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé búrẹ́dì ṣe é léṣe ní ìka méjì. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ilé iṣẹ́ adójútòfò tó ń ṣojú ọ̀gá rẹ̀ kọ lẹ́tà sí ìyá rẹ̀ pé àwọn ó san £4,000, kó fọwọ́ síwèé kí ọ̀rọ̀ náà tán síbẹ̀. Owó ilé ti tó san, ọmọ náà sì ti padà sẹ́nu ẹ̀kọ́ rẹ̀, ni ìyá bá fọwọ́ sí i. Nígbà tó fi máa di ọdún kejì, ọ̀kan nínú ìka náà kò ká mọ́. Ọmọ tó ń gbèrò láti kọ́ iṣẹ́ iná mànàmáná kò lè di wáyà tín-ín-rín mú. Ṣé ọ̀rọ̀ náà ti tán lóòótọ́?

Lábẹ́ òfin England àti Wales, kò tíì tán. Ìlànà 21.10 wà nínú Civil Procedure Rules, ìyẹn ìwé ìlànà tí àwọn kóòtù ibẹ̀ ń tẹ̀ lé láti 1999 fún ẹjọ́ tí kì í ṣe ti ọ̀daràn. Ohun tó sọ ni pé bí ẹ̀tọ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 bá wà nínú ẹjọ́, àdéhùn owó èyíkéyìí tí wọ́n bá ṣe lórí ẹ̀tọ́ náà kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ àyàfi tí kóòtù bá fọwọ́ sí i. Ìyá lè fọwọ́ sí i, bàbá lè fọwọ́ sí i, lọ́yà pàápàá lè fọwọ́ sí i. Bí adájọ́ kò bá tíì fọwọ́ sí i, ilẹ̀kùn ẹjọ́ ọmọ náà ṣì ṣí sílẹ̀.

Ìdí tí òfin fi rí bẹ́ẹ̀

Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè. Ọmọ ọdún 16 kò lè bá ilé iṣẹ́ adójútòfò dúnàá-dúrà, àgbàlagbà ni yóò bá a ṣe é. Àmọ́ àgbàlagbà náà kò lè wọ inú ara ọmọ láti mọ bí ìka yẹn yóò ti rí ní ogún ọdún sí i. Egungun ọmọ ṣì ń dàgbà, ó sì lè pẹ́ kí dókítà tó lè sọ bí ọgbẹ́ náà yóò ṣe jinná tó. Iṣẹ́ tí ọmọ náà yóò fi jẹun kò tíì hàn sí ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá ń gbówó lónìí ń gbé iye lé ohun tí kò tíì rí.

Òfin kò ka òbí sí olè. Ohun tó mọ̀ ni pé ẹrù pọ̀ lọ́rùn òbí. Gbèsè lè wà nílẹ̀. Ọ̀gá tó gba ọmọ síṣẹ́ lè jẹ́ ará ìjọ kan náà, kí ojú má sì jẹ́ kí òbí lè béèrè ohun tó tọ́. Ó sì lè jẹ́ pé ṣọ́ọ̀bù ẹbí gan-an ni ọmọ ti fara pa. Nínú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀, bàbá tó ni ṣọ́ọ̀bù ni wọn yóò pè lẹ́jọ́, kò sì lè jẹ́ òun náà ni yóò tún dúró fún ọmọ.

Ìbéèrè tí kò yí padà

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ ní kóòtù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Títí di òpin 1969, ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 21 ni òfin ibẹ̀ ń pè ní ọmọdé.

Ní 1894, ẹjọ́ ọmọ kan tó ń ru ẹrù fún ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin London and North Western dé ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Nígbà tó gba iṣẹ́, ó ti wọ ètò adójútòfò tiwọn, ó sì ti yọwọ́ nínú ẹ̀tọ́ tí òfin 1880 fún òṣìṣẹ́ láti gba owó lọ́wọ́ ọ̀gá tó bá jẹ̀bi ìjàǹbá. Nígbà tó wá fara pa, ó ní ọmọdé ni òun, àdéhùn náà kò de òun. Ilé ẹjọ́ gbé e yẹ̀ wò lódindi. Owó tí ètò náà ń san kéré sí ti òfin, ṣùgbọ́n ó ń sanwó fún àwọn ìjàǹbá tí òfin náà kò kà kún. Wọ́n ní tí a bá kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó ṣe ọmọ náà láǹfààní. Nítorí náà, àdéhùn dè é.

Ní 1936, ti ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ kan ní ilé iṣẹ́ Gravesend Aviation já síbòmíràn. Ìwé ẹ̀kọ́ṣẹ́ rẹ̀ sọ pé ọ̀gá kò ní sanwó bó bá fara pa, kódà bó jẹ́ àìbìkítà ọ̀gá ló fà á. Kóòtù ní irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ kò ṣe ọmọ láǹfààní kankan, kò sì lè dè é.

Ẹjọ́ méjèèjì já síbi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, síbẹ̀ ìbéèrè kan náà ni wọ́n béèrè: ǹjẹ́ àdéhùn yìí ṣe ọmọ láǹfààní? Ìbéèrè yẹn kan náà ni adájọ́ ń béèrè lónìí. Ohun tó yàtọ̀ ni pé ó ti ń béèrè rẹ̀ kí owó tó yí ọwọ́, kò dúró kí ọmọ wá máa sunkún lẹ́yìn.

Bí adájọ́ ṣe ń fọwọ́ sí i

Ọmọ kò lè dá ẹjọ́ rẹ̀ ṣe. Àgbàlagbà kan ní láti dúró fún un, ẹni tí òfin ń pè ní litigation friend. Òbí ló sábà máa ń jẹ́. Kóòtù ń fẹ́ kí ẹni náà lè ṣe ẹjọ́ ọ̀hún bó ti yẹ, kí ohun tó ń wá má sì tako ohun tó dára fún ọmọ.

Bí ẹgbẹ́ méjèèjì bá ti fẹnu kò sí iye kan kí ẹjọ́ tó dé kóòtù rárá, wọ́n lè gbé àdéhùn náà nìkan lọ fún adájọ́. Wọn yóò kó ìwé tó fi ọjọ́ ìbí ọmọ hàn dání, pẹ̀lú àkọsílẹ̀ bí ìjàǹbá náà ṣe ṣẹlẹ̀ àti ìwé dókítà. Wọn yóò tún mú ìmọ̀ràn tí lọ́yà kọ lórí bóyá owó náà tó, àyàfi tí ọ̀rọ̀ bá hàn kedere. Adájọ́ yóò fi iye náà wé ìwé ìlànà Judicial College, tó to iye tó yẹ fún oríṣiríṣi ìpalára. Ó lè ní kí ọmọ náà na ọwọ́ sílẹ̀ kí òun fi ojú ara òun rí àpá. Ó lè bi í bó bá ṣì ń dùn ún. Bó bá rí i pé owó kò tó, tàbí pé ó yẹ kí wọ́n dúró de àyẹ̀wò mìíràn, ó lè kọ̀, kó ní kí wọ́n padà lọ sọ̀rọ̀.

Bó bá fọwọ́ sí i, òun náà ni yóò sọ ibi tí owó ń lọ. Ó sábà máa ń wà lábẹ́ àkóso Court Funds Office títí ọmọ yóò fi pé ọdún 18. Bí ọmọ bá nílò ohun kan kó tó dìgbà náà, bí irinṣẹ́ ẹ̀kọ́, òbí lè tọrọ díẹ̀ nínú rẹ̀. Owó ọmọ ni, kì í ṣe owó ilé.

Bí wọn kò bá gba ọ̀dọ̀ adájọ́ kọjá

Ìyá tí a fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí lè gba ọ̀dọ̀ lọ́yà lọ, kí wọ́n gbé ẹjọ́ ọmọ náà dìde bí ẹni pé kò sí àdéhùn. Bí ilé iṣẹ́ adójútòfò bá fi ìwé tó fọwọ́ sí hàn, ìbéèrè kóòtù kò ju ẹyọ kan lọ: adájọ́ wo ló fọwọ́ sí i? Bí kò bá sí, ìwé náà kò dí ọmọ lọ́nà. Àmọ́ ọmọ kò ní gba owó kan náà lẹ́ẹ̀mejì, wọn yóò ṣírò £4,000 tó ti wọlé mọ́ èyí tó kù.

Ọmọ náà fúnra rẹ̀ lè ṣe é bó bá dàgbà. Òfin 1980 tó de àkókò ẹjọ́ fún ẹni tó fara pa ní ọdún mẹ́ta, ṣùgbọ́n ti ọmọdé kì í bẹ̀rẹ̀ títí yóò fi pé ọdún 18. Ó ní àyè títí di ọjọ́ ìbí rẹ̀ kọkànlélógún.

Ìlànà kan náà ló ń dáàbò bo àgbàlagbà tí ọpọlọ rẹ̀ kò lè gbé ìpinnu ẹjọ́. Ní 2014, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Britain fagi lé àdéhùn £12,500 tí obìnrin kan ti ṣe ní 2003 lẹ́yìn tí alùpùpù gbá a. Lásìkò tí wọ́n ṣe é, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ìpalára orí rẹ̀ ti mú un dé ipò yẹn. Ilé ẹjọ́ ní àìmọ̀ kò yí i padà: adájọ́ kò fọwọ́ sí i, àdéhùn kò sì múlẹ̀.

Ọ̀bẹ olójú méjì ni

Ọ̀pọ̀ òbí kì í ro apá yìí. Bí àdéhùn kò bá de ọmọ, kò de ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́ náà. Nínú ẹjọ́ Lennig Chemicals, tí House of Lords, tó jẹ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ nígbà yẹn, dá ní 1967, opó kan àti ọmọ rẹ̀ kékeré ń béèrè owó nítorí ikú bàbá ọmọ náà. Wọ́n ti fẹnu kò sí £10,000. Kí kóòtù tó fọwọ́ sí i, opó náà ti fẹ́ ọkọ mìíràn, kóòtù kò sì gbọ́. Nígbà yẹn, irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ lè dín owó kù. House of Lords ní títí kóòtù yóò fi fọwọ́ sí i, àwọn tí wọ́n pè lẹ́jọ́ ní ẹ̀tọ́ láti yí ọkàn padà. Ní 2003, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tún sọ bẹ́ẹ̀ lórí ọmọ ọdún 17 kan tí ọkọ̀ gbá lórí kẹ̀kẹ́: àdéhùn pé ẹ̀bi ẹni tó gbá a jẹ́ ìdá 80 nínú 100 kò de awakọ̀ náà, nítorí kóòtù kò tíì fọwọ́ sí i.

Nítorí náà, bí iye tí ẹ gbà bá dára, ẹ má ṣe jókòó lé e, ẹ tètè gbé e dé iwájú adájọ́. Ẹ má sì fi ohunkóhun pa mọ́ fún un. Àdéhùn tí adájọ́ bá ti fọwọ́ sí ṣòro láti yí padà, àmọ́ ohun tí ẹ fi pa mọ́ lè já a.

Kí lẹ́tà tó dé

Òfin 1969 ní England ní kí ọ̀gá níbi iṣẹ́ ní ìdójútòfò tí kò dín ní mílíọ̀nù márùn-ún pọ́n-ùn fún òṣìṣẹ́ tó bá fara pa. Lọ́pọ̀ ìgbà, inú rẹ̀ ni owó ti ń jáde, kì í ṣe àpò ọ̀gá. Kí ìtìjú tàbí ìbẹ̀rù pé ẹ ń ba ilé ọ̀gá jẹ́ má ṣe sọ iye tí ọmọ yín yóò gbà.

Ẹ ní kí wọ́n kọ ìjàǹbá náà sínú ìwé tí wọ́n ń kọ ìjàǹbá sí ní ibi iṣẹ́, ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. Ẹ ya fọ́tò ọwọ́ náà lónìí, ẹ tún yà á lóṣù mẹ́fà sí i. Ẹ pa ìwé dókítà mọ́. Ìgbà tí lẹ́tà bá wá dé pé kí ẹ fọwọ́ sí i kí ọ̀rọ̀ tán, ìdáhùn yín kò le: "Ẹ ṣé, a ti gbọ́. Ọjọ́ wo ni a jọ ń lọ fi hàn adájọ́?"