Ìfojúsùn Kámẹ́rà, Awò Ọ̀nà-Jíjìn àti Awò Àfikún: Bí A Ṣe Ń Wọn Àṣìṣe Kí A Tó Tún Un Ṣe



Ní ọdún 1958, J. H. Elgood ṣe àpèjúwe ẹyẹ kan tí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì kò tíì fún ní orúkọ, ó sì fi ìlú Ìbàdàn sọ ọ́ lórúkọ: Malimbus ibadanensis. Ìdílé ẹyẹ ẹ̀gà ni ó ti wá. Gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà nìkan ni a ti mọ̀ ọ́n, ó sì ṣọ̀wọ́n. Ó ní ìbátan mìíràn tí àwọn náà jẹ́ dúdú àti pupa, débi pé bí pupa ṣe pín sí orí àti àyà rẹ̀ ni a fi ń dá a mọ̀. Bí ẹnìkan bá wí pé òun rí i, àwòrán ni ẹlẹ́rìí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ewé tí ó wà lẹ́yìn ẹyẹ náà bá mọ́ gaara, tí ẹyẹ fúnra rẹ̀ sì ṣe bàìbàì, ẹlẹ́rìí náà kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Ohun tí ń fa irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀, àti bí a ṣe lè wọ̀n ọ́n kí a sì tún un ṣe, ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí dá lé.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ fẹnu kò lórí àwọn ọ̀rọ̀ tí a ó máa lò. Awò ni n ó máa pe gíláàsì tí ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ sínú kámẹ́rà. Awò ọ̀nà-jíjìn ni èyí tí ń mú ohun tí ó jìnnà súnmọ́ ni lójú. Awò àfikún ni awò kékeré tí a ń fi sí àárín awò ọ̀nà-jíjìn àti kámẹ́rà, kí ohun tí a ń wò lè tóbi sí i. Ìfojúsùn ni yíyí awò títí ohun tí a ń wò yóò fi mọ́ gaara. Bí kámẹ́rà bá ń ṣe é fúnra rẹ̀, ìfojúsùn aládàáṣiṣẹ́ nìyẹn.

Nínú kámẹ́rà onídígí, ọ̀nà méjì ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà. Dígí ńlá inú rẹ̀ ń gbé èyí tí ó pọ̀ jù lọ sókè sí ojú ẹni tí ń yàwòrán. Ó ń jẹ́ kí díẹ̀ là á kọjá sórí dígí kékeré kan tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Èyí ni ó ń darí rẹ̀ sí ìsàlẹ̀, níbi tí ojú aṣèwọ̀n wà. Ojú aṣèwọ̀n yìí ni ó ń pàṣẹ fún awò pé kí ó yí dé ibi báyìí. Lẹ́yìn náà ni dígí méjèèjì yóò ká kúrò lọ́nà, tí ìmọ́lẹ̀ yóò sì bọ́ sórí agbàwòrán. Ẹ kíyè sí i pé ẹni tí ó wọ̀n ọ́n kọ́ ni ó gbà á. Bí gígùn ọ̀nà méjèèjì bá fi ìdá kékeré nínú mìlímítà kan yàtọ̀ síra, ojú aṣèwọ̀n yóò jẹ́rìí pé ohun gbogbo pé, ṣùgbọ́n ìfojúsùn yóò bọ́ síwájú tàbí sẹ́yìn ohun tí a fẹ́.

Pẹ̀lú awò kúkúrú, àṣìṣe yìí kì í sáábà hàn, nítorí pé àyè tí nǹkan ti ń mọ́ gaara fẹ̀. Bí ohun tí a ń wò bá wà ní mítà 10, tí agbàwòrán wa sì tó fíìmù 35 mm, awò 50 mm ní f/2.8 yóò fún wa ní àyè tí ó ju mítà 7 lọ. Awò 300 mm ní f/2.8 kan náà kò fún wa ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 19 lọ. Bí a bá fi awò àfikún onílọ́po-méjì sí i, ó di 600 mm ní f/5.6, àyè náà sì dín kù sí nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 9. Ìbú àtẹ́lẹwọ́ nìyẹn.

Iṣẹ́ mẹ́ta ni awò àfikún ń ṣe, ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ni a ń rà á fún. Èkíní, ó ń sọ ẹyẹ di ńlá. Èkejì, ó ń dín ìmọ́lẹ̀ kù: onílọ́po 1.4 ń mú ìdajì lọ, onílọ́po-méjì kì í ṣẹ́ ju ìdá mẹ́rin kan kù. Ọ̀pọ̀ ojú aṣèwọ̀n ni a ṣe láti ṣiṣẹ́ dé f/5.6, àwọn kan dé f/8. Nítorí náà awò f/5.6 tí àfikún 1.4 sọ di f/8 lè máa lọ síwá sẹ́yìn láìrí ibi dúró. Ẹ̀kẹta, bí ó ti ń sọ ẹyẹ di ńlá ni ó ń sọ àléébù awò náà di ńlá. Àfikún onílọ́po-méjì ń sọ àṣìṣe ìfojúsùn awò di ìlọ́po mẹ́rin kí ó tó dé orí agbàwòrán. Nítorí pé f náà ti di ìlọ́po méjì, bàìbàì tí ojú ń rí jẹ́ ìlọ́po méjì. Awò àti àfikún rẹ̀ ti di awò mìíràn. Nọ́ńbà àtúnṣe tí ó bá awò nìkan mu kò ní láti bá àwọn méjèèjì mu.

Ní ọdún 2007, Canon fi àyè àtúnṣe sínú EOS-1D Mark III, Nikon sì fi í sínú D3 àti D300. Nọ́ńbà rẹ̀ ń lọ láti -20 dé +20. Àròpọ̀ ń ti ìfojúsùn jìnnà sí wa. Àyọkúrò ń fà á súnmọ́ wa.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo àṣìṣe ni nọ́ńbà lè wò sàn. Bí ọdẹ bá yìnbọn mẹ́wàá, tí gbogbo ọta bọ́ sí ojú kan náà ní ọ̀tún àmì, a lè tún ojú ìbọn náà ṣe. Bí ọta bá fọ́n yí àmì ká, kò sí ibi tí a lè yí ojú ìbọn sí tí yóò fi sàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni kámẹ́rà: àṣìṣe tí ó dúró sójú kan nìkan ni a lè fi nọ́ńbà tún ṣe.

Ọ̀nà tí a ń gbà wọ̀n ọ́n nìyí. A ó gbé kámẹ́rà lé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí kò mì, a ó sì fi àfikún sí awò bí a ó ti lò ó nínú igbó. A ó gbé pátákó pẹlẹbẹ tí ó ní ìlà dúdú gàdàgbà síwájú rẹ̀, kí ó kọjú sí awò gan-an. A ó dá rúlà dagun sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí apá kan wà níwájú pátákó, kí apá kejì wà lẹ́yìn. Ìlọ́po 25 sí 50 gígùn awò ni ìjìnnà tí ó yẹ; fún 600 mm, mítà 15 sí 30 nìyẹn. Kí ojú awò ṣí tán, kí a sì lo ibi ìfojúsùn àárín nìkan. Àárọ̀ ni kí a ṣe é: ooru tí ń gbọ̀n lórí ilẹ̀ lọ́sàn-án ń da ìmọ́lẹ̀ rú, ó sì ń fọ́n ọta ká.

A ó kọ́kọ́ sọ àwòrán di ńlá lójú ìwòran ẹ̀yìn kámẹ́rà, a ó fọwọ́ yí awò títí yóò fi mọ́ gaara, a ó sì yà á. Agbàwòrán fúnra rẹ̀ ni ó ṣe ẹ̀rí èyí. Òun ni òṣùwọ̀n wa. Lẹ́yìn náà, a ó fi ojú aṣèwọ̀n ya mẹ́wàá. Kí a tó ya ọ̀kọ̀ọ̀kan, a ó yí awò kúrò lójú ìfojúsùn, nígbà mìíràn sí ìtòsí, nígbà mìíràn sí òkèèrè. Bí ó bá ju márùn-ún lọ tí ó bọ́ síwájú ní ìwọ̀n kan náà, a ó fi àròpọ̀ díẹ̀ sí i, a ó sì tún mẹ́wàá mìíràn yà. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́: àwòrán kan ṣoṣo kò tó láti dá awò lẹ́bi. Nígbà tí a bá parí, a ó yọ àfikún kúrò, a ó sì wọn awò nìkan lọ́tọ̀.

Nínú kámẹ́rà tuntun tí kò ní dígí, agbàwòrán ni ó ń wọ̀n, òun náà ni ó ń gbà, nítorí náà àṣìṣe ọ̀nà méjì ti kúrò níbẹ̀. Síbẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tí àfikún ń gbà lọ àti ooru tí ń gbọ̀n kò kúrò. Kámẹ́rà onídígí sì ṣì pọ̀ lọ́wọ́ wa, pàápàá tòkunbọ̀. Ẹni tí ó bá rí àwòrán bàìbàì tí ó sì sáré ta awò rẹ̀ lè ti ta awò rere nítorí àṣìṣe tí nọ́ńbà márùn-ún ìbá tún ṣe. Ẹyẹ tí ó ṣọ̀wọ́n kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Kí a tó wọ igbó ni kí a ti mọ ohun tí kámẹ́rà wa ń rí.