Kọ̀ǹpútà tí kò dìde lẹ́yìn àpúdéètì: ẹ má tíì jẹ́ kí wọ́n pa ohun inú rẹ̀ rẹ́



Ẹni tí ó bá ṣìnà ní Oríta-mẹ́rin nílẹ̀ Ìbàdàn kì í jókòó sílẹ̀ kó máa sunkún pé òun ti sọnù. Yóò dúró, yóò béèrè ọ̀nà: níbo ni a ń gbà lọ sí Ọjà'ba? Níbo ni Bẹẹrẹ? Níbo ni Màpó? Bí ọ̀nà kan kò bá gba ẹsẹ̀, òmíràn yóò gbà á. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà tí ó kọ̀ tí kò dìde lẹ́yìn ìmúdójúìwọ̀n, ohun tí àwọn ọmọ wa ń pè ní àpúdéètì.

Ẹ jẹ́ kí á fi akọ̀wé ilé-kéú kan ṣe àpẹẹrẹ. Orúkọ àwọn ọmọ kéú, owó tí òbí kọ̀ọ̀kan ti san, èsì ìdánwò àwọn tí wọ́n fẹ́ ṣe wòlímọ̀, gbogbo rẹ̀ ló wà nínú láptọ́ọ̀pù kan ṣoṣo. Lálẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn ìrun Iṣái, láptọ́ọ̀pù ní òun fẹ́ ṣe àpúdéètì, akọ̀wé sì gbà fún un. Bátìrì rẹ̀ ti kú tipẹ́, iná NẸ́PÀ ló ń lò. Kí iṣẹ́ náà tó parí, wọ́n mú iná lọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ojú kọ̀ǹpútà di búlúù, kò lọ síwájú, kò padà sẹ́yìn. Ẹnì kan wò ó, ó ní: "Àfi kí á fọ́ọ̀màtì ẹ̀." Bí akọ̀wé bá dáhùn pé kó ṣe é, àkọsílẹ̀ ọdún púpọ̀ ti lọ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò sí ohun tó ṣe àkọsílẹ̀ náà rárá.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé lónìí nìyí: kọ̀ǹpútà tí kò dìde kì í ṣe kọ̀ǹpútà tó ti kú. Lọ́pọ̀ ìgbà, àwọn fáìlì yín ṣì wà níbi tí ẹ fi wọ́n sí. Fọ́ọ̀màtì ló ń pa wọ́n rẹ́, kì í ṣe àpúdéètì tó dàrú.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀?

Ẹ fi ìrun jáńmọ́ọ̀ wé e. Làdánì yóò kọ́kọ́ pèrun, lèmọ́mù yóò bọ́ síwájú, àwọn èrò yóò sì tò lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá tẹ bọ́tìnì, ètò kékeré kan tó wà nínú kọ̀ǹpútà láti ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ni yóò kọ́kọ́ jí. Òun ló dà bíi làdánì. Òun ni yóò wá Windows jáde nínú háàdì dísìkì, Windows ni lèmọ́mù. Àwọn fọ́tò, lẹ́tà àti àkọsílẹ̀ yín ni èrò ẹ̀yìn.

Àpúdéètì máa ń pààrọ̀ àwọn fáìlì tí Windows fúnra rẹ̀ ń lò. Bí iná bá lọ nígbà tó ti mú ògbólógbòó kúrò tí kò tíì fi tuntun síbẹ̀ tán, tàbí bí tuntun náà bá ní àléébù, lèmọ́mù kò ní lè bọ́ síwájú. Ṣùgbọ́n bí lèmọ́mù kò bá dé, ṣé a máa ń sọ pé àwọn èrò mọ́sálásí ti parẹ́ ni? Rárá o. Wọ́n wà níbẹ̀, wọ́n ń retí ẹni tí yóò ṣíwájú wọn ni.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan tí gbogbo ayé rí i

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti Ìbàdàn nìkan. Ní ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ 19 oṣù Keje, ọdún 2024, ní nǹkan bí aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ìdájí ní aago Nàìjíríà, ilé-iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà tí ń jẹ́ CrowdStrike, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ dídáàbò bo kọ̀ǹpútà, fi àpúdéètì kékeré kan ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà rẹ̀. Fáìlì náà ní àléébù: ó ń béèrè ohun 21 níbi tí wọ́n ti pèsè 20 péré. Bí kọ̀ǹpútà bá ti kà á, Windows yóò dákú, ojú rẹ̀ yóò di búlúù. Bí wọ́n bá tún tàn án, yóò tún kà á, yóò tún dákú.

Ilé-iṣẹ́ náà fa fáìlì ọ̀hún padà láàárín ìṣẹ́jú 78, ṣùgbọ́n èyí tó ti bàjẹ́ ti bàjẹ́. Microsoft ní kọ̀ǹpútà tó kàn tó mílíọ̀nù mẹ́jọ àbọ̀. Iṣẹ́ dúró ní ilé ìwòsàn, ní báǹkì àti ní pápákọ̀ òfurufú. Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú Delta nìkan fagi lé nǹkan bí 7,000 ìrìn-àjò láàárín ọjọ́ mélòó kan.

Báwo ni wọ́n ṣe ní kí wọ́n jí àwọn kọ̀ǹpútà náà? Kì í ṣe fọ́ọ̀màtì. Ohun tí wọ́n ní kí àwọn òṣìṣẹ́ ṣe ni kí wọ́n gbé kọ̀ǹpútà wọ ipò tí a ń pè ní Safe Mode, kí wọ́n wá fáìlì kan ṣoṣo náà rí, kí wọ́n pa á rẹ́, kí wọ́n sì tún un tàn. Fáìlì kan péré. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn há sí ni pé kọ̀ǹpútà wọn béèrè kọ́kọ́rọ́ onínọ́ńbà 48, wọn kò sì mọ ibi tí wọ́n fi í sí. Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ yìí sọ́kàn, a máa padà sórí rẹ̀.

Ọ̀nà mẹ́rin tí ẹ lè tọ̀

Ẹ tọ̀ wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí a ṣe tò ó. Ẹ má fo ọ̀kan kọjá.

Ọ̀nà kìíní ni sùúrù. Bí ó bá kọ ọ́ sójú pé àpúdéètì ń lọ lọ́wọ́, tí nọ́ńbà dúró sójú kan ṣùgbọ́n tí iná kékeré ara rẹ̀ ṣì ń ṣẹ́jú, ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí méjì sí mẹ́ta. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí wọ́n ní ó bàjẹ́, ìkánjú ló bà á jẹ́. Bí kò bá yí padà, ẹ pa á, kí ẹ yọ fíláàṣì, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti gbogbo ohun tó wà lára rẹ̀. Ẹ yọ ṣájà, ẹ tẹ bọ́tìnì ìtanná mọ́lẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá, lẹ́yìn náà kí ẹ dá ṣájà padà kí ẹ sì tàn án. Bí kò bá sí iná kankan tó yọ lára rẹ̀, ọ̀rọ̀ ṣájà tàbí bátìrì lè ni, kí ẹ kọ́kọ́ wo ìyẹn. Bí orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é bá yọ lójú rẹ̀, tí kò wá kọjá ibẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ara rẹ̀ le, kó jẹ́ ètò inú rẹ̀ ló dàrú.

Ọ̀nà kejì ni kí Windows tún ara rẹ̀ ṣe. Ẹ tàn án. Bí àmì ilé-iṣẹ́ bá ti yọ, ẹ tẹ bọ́tìnì mọ́lẹ̀ títí yóò fi kú. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn èyí, yóò fúnra rẹ̀ gbé ojú ìwé àtúnṣe jáde. Ẹ mú "Troubleshoot", lẹ́yìn náà "Advanced options", lẹ́yìn náà "Startup Repair". Bí ó bá béèrè kọ́kọ́rọ́ onínọ́ńbà 48 tí a sọ lẹ́ẹ̀kan, ẹ fi fóònù wọ account.microsoft.com/devices/recoverykey pẹ̀lú í-meèlì tí ẹ fi ṣí kọ̀ǹpútà náà. Ibẹ̀ ni ó sábà máa ń wà.

Ọ̀nà kẹta ni kí ẹ yọ àpúdéètì náà kúrò. Ní ojú ìwé kan náà, ẹ mú "Uninstall Updates". Èyí tí wọ́n pè ní "quality update" ni ti oṣooṣù, tí Microsoft ń fi ránṣẹ́ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kejì nínú oṣù. Èyí tí wọ́n pè ní "feature update" ni ńlá tó ń yí Windows padà, ọjọ́ mẹ́wàá péré ni ó sábà máa ń gbà yín láyè láti dá a padà. Bí èyí kò bá ṣiṣẹ́, ẹ mú "System Restore", kí ẹ yan ọjọ́ kan tó ṣáájú wàhálà náà. Kì í fọwọ́ kan fọ́tò àti àkọsílẹ̀, ṣùgbọ́n ètò tí ẹ fi sí i lẹ́yìn ọjọ́ náà yóò kúrò. Ẹ tún lè mú "Startup Settings", kí ó tún ara rẹ̀ tàn, kí ẹ tẹ 4, kí ó wọ Safe Mode. Bí ó bá dìde níbẹ̀, ẹ má wẹ̀yìn: ẹ kọ́kọ́ kó fáìlì yín sórí fíláàṣì.

Ọ̀nà kẹrin ni kí ẹ yọ ẹrù kúrò nínú ilé kí ẹ tó tún ilé kọ́. Ẹ lè lo kọ̀ǹpútà mìíràn láti fi Ubuntu, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, sórí fíláàṣì. Bí kọ̀ǹpútà tó ń ṣàìsàn bá fi fíláàṣì yìí dìde, tí ẹ sì mú pé ẹ kàn fẹ́ dán an wò ni, ẹ ó rí háàdì dísìkì rẹ̀, ẹ ó sì lè kó fáìlì yín jáde sórí ohun mìíràn. Oníṣẹ́ ọwọ́ tún lè tú háàdì dísìkì náà kó fi í sára kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́. Bí dísìkì náà bá ní títì, kọ́kọ́rọ́ onínọ́ńbà 48 yẹn ni yóò ṣí i. Ìgbà tí ẹ bá ti kó ẹrù tán ni kí ẹ padà sí "Troubleshoot", kí ẹ mú "Reset this PC". Níbẹ̀, "Keep my files" ni kí ẹ yàn, kì í ṣe "Remove everything". Àkọ́kọ́ yóò dá fáìlì yín sí, yóò sì yọ àwọn ètò tí ẹ fi sí i. Èkejì ni fọ́ọ̀màtì tí à ń sá fún.

Bí ẹ bá fẹ́ gbé e lọ fún oníṣẹ́

Kì í ṣe gbogbo wa ló lè ṣe é fúnra wa, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó gbé e wọ mọ́tò lọ sí Queen Cinema tàbí ibikíbi tí oníṣẹ́ yín wà, ẹ sọ ọ́ pẹ̀lú ẹnu yín pé: "Ẹ má fọ́ọ̀màtì ẹ̀ o. Ẹ kọ́kọ́ bá mi kó ohun inú rẹ̀ jáde." Ẹ jẹ́ kó kọ ọ́ sínú ìwé owó tó máa fún yín. Bí ó bá ní kò ṣeé ṣe, ẹ bi í léèrè lára ọ̀nà mẹ́rin tí a là yìí, èwo ló ti tọ̀? Bí kò bá tíì tọ̀ ọ̀kankan, ẹ gbé e lọ fún ẹlòmíràn.

Ẹ tún rántí pé fọ́tò ìdílé wà nínú kọ̀ǹpútà. Fọ́tò àwọn ìyàwó àti ọmọbìnrin wa tí wọn kò borí nínú ilé, lẹ́tà ilé ìwòsàn, ìwé báǹkì. Àmáánà ni gbogbo ìwọ̀nyí. Bí ẹ bá ráyè, ẹ jókòó tì í títí yóò fi kó fáìlì náà tán, kí ẹ sì rí i pé kò sí ẹ̀dà kan lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ yìí náà, àmáánà ni wọ́n gbé lé yín lọ́wọ́. Ọlọ́hun yóò bi yín nípa rẹ̀.

Kí á so ràkúnmí

A mọ ìtàn ẹni tó bi Ànábì wa (s.a.w.) léèrè bóyá kí òun so ràkúnmí òun tàbí kí òun kàn gbára lé Ọlọ́hun, àti ìmọ̀ràn tí ó gbà pé kó ṣe méjèèjì. Ràkúnmí tiwa nìyí.

Ohun tó bá ṣe pàtàkì, ẹ ní ẹ̀dà mẹ́ta rẹ̀: ọ̀kan nínú kọ̀ǹpútà, ọ̀kan lórí fíláàṣì tàbí háàdì dísìkì ìta, ọ̀kan níbi tó jìnnà sí ilé, bíi Google Drive. Ẹ kọ kọ́kọ́rọ́ onínọ́ńbà 48 yẹn sórí ìwé lónìí, kí ẹ fi í síbi tí ìwé ilẹ̀ yín wà. Ẹ má ṣe àpúdéètì nígbà tí ẹ kò dá iná lójú. Ẹ dúró dìgbà tí bátìrì bá kún tàbí tí ìnfátà bá ń ṣiṣẹ́. Bí dátà bá tán nígbà tó ṣì ń fà á wọlé láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, kò léwu, yóò máa bá a lọ tó bá yá. Ìgbà tó bá kọ ọ́ sójú pé kí ẹ má pa kọ̀ǹpútà ni ewu wà.

Ẹ má sì torí ìbẹ̀rù kọ àpúdéètì pátápátá. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2017, àrùn kọ̀ǹpútà tí ń jẹ́ WannaCry ti fáìlì àwọn ènìyàn pa ní orílẹ̀-èdè tó lé ní 150, ó sì ń béèrè owó kó tó ṣí i. Microsoft ti fi oògùn rẹ̀ ránṣẹ́ láti oṣù Kẹta ọdún náà. Kọ̀ǹpútà tí kò gba àpúdéètì ọ̀hún ni ó rí mú. Láti ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft sì ti dẹ́kun àtìlẹ́yìn ọ̀fẹ́ tó máa ń ṣe fún Windows 10, èyí ló mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa wá Windows 11. Bí kọ̀ǹpútà yín bá sọ pé òun kò kún ojú òṣùwọ̀n, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi tipátipá gbé e wọ̀ ọ́ láìjẹ́ pé ẹ ti kọ́kọ́ kó fáìlì yín síta.

Bí láptọ́ọ̀pù ilé yín bá ń ṣiṣẹ́ lónìí, ẹ ṣe ẹ̀dà fáìlì yín kí ìrun Mọ̀gàríbì tó wọlé. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Kí Ọlọ́hun bá wa ṣọ́ ohun tí a ní, kó má jẹ́ kí á pàdánù, kó sì fi ìmọ̀ tó ṣàǹfààní ta ìdílé gbogbo wa lọ́rẹ. Àmín.